Ẹ má bú Bàbá agbẹ́gilére, àwa la lé wọn kúrò lábẹ́ àtíbàbà

Ọ̀rọ̀ yìí kò ní dùn létí àwọn kan. Kò dùn létí àwa tí à ń kọ ọ́ pàápàá.

Fídíò kan ti ń lọ láti orí fóònù dé orí fóònù láti ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá, ọ̀pọ̀ yín ti wò ó. Gẹ̀lẹ̀dẹ́ jáde sójà lọ́sàn-án, ìlù gbóná, ṣaworo ẹsẹ̀ oníjó ń dá ìlù lóhùn. Oníjó yí po lẹ́ẹ̀kan. Ó tún yí po. Ni ẹyẹ tó wà lókè igi Gẹ̀lẹ̀dẹ́ náà bá já, ó fò, ó balẹ̀ sínú àtẹ ata ìyá kan. Ọjà hó. Ẹni tó ń ya fídíò rẹ́rìn-ín débi pé àwòrán náà ń gbọ̀n. Ṣùgbọ́n ẹ tún un wò, ẹ wo apá òsì dáadáa: Ìyálàṣẹ jókòó síbẹ̀, wọn ò rẹ́rìn-ín. Àwọn àgbà tó yí wọn ká náà ò rẹ́rìn-ín. Ẹyẹ kì í ṣe ohun ọ̀ṣọ́ lásán lórí Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Ẹni tó bá mọ àwọn tí à ń torí wọn jó mọ ohun tí à ń sọ. Ohun tí wọ́n ṣe lálẹ́ ọjọ́ náà láti fi bẹ àwọn ìyá wa, kì í ṣe ohun tí a máa kọ síbí.

Èyí tó bí wa nínú ni ohun tí àwọn èèyàn kọ sábẹ́ fídíò náà. Wọ́n ní ọwọ́ agbẹ́gilére ti kú. Wọ́n ní Bàbá ti darúgbó, kí wọ́n lọ jókòó sílé. Ẹnì kan tiẹ̀ ní kí á kúkú máa ra èyí tí wọ́n fi rọ́bà ṣe ní Ṣáínà.

A mọ Bàbá tó gbẹ́ igi náà. A ò ní dárúkọ wọn, a ò sì ní dárúkọ ìlú, agbègbè Kétu ni kó mọ síbẹ̀. Ọwọ́ wọn kò kú. Ibi iṣẹ́ wọn la bà jẹ́, àwa ẹgbẹ́ ọmọ ìlú, owó tí a dá jọ la sì fi bà á jẹ́.

Báyìí ló ṣe ṣẹlẹ̀. Lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, àjọ kan wá bá ìlú, wọ́n ní àwọn fẹ́ kọ́ ilé fún àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ lẹ́bàá títì ọ̀dà, kí àwọn àlejò tó ń kọjá lè máa rí wọn. Ilé bíríkì, páànù tuntun, táìlì funfun nílẹ̀, gíláàsì lẹ́nu ọ̀nà, iná gígùn méjì lókè àjà. Wọ́n ní kí ìlú dá owó díẹ̀ kún un. Àwa dá a. Àwa tó wà ní Kútọnu dá a, àwọn tó wà ní Èkó náà fi tiwọn ránṣẹ́. A ní ìtìjú gbáà ni kí irú èèyàn bẹ́ẹ̀ máa ṣiṣẹ́ lábẹ́ àtíbàbà imọ̀ ọ̀pẹ lẹ́yìn ọjà, láàárín èérún igi àti adìyẹ. Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí ilé náà, a wọ aṣọ ẹgbẹ́, a ya fọ́tò, a pàtẹ́wọ́. Bàbá wà láàárín wa nínú fọ́tò yẹn. Gbogbo wa ń wo kámẹ́rà, Bàbá ń wo ilẹ̀. A rò pé táìlì náà ló wù wọ́n. A ò mọ̀ pé wọ́n ń wá ibi tí wọ́n máa gbé ìtì igi lé kí wọ́n tó sọ àáké sí i.

Ẹ jẹ́ kí á sọ bí wọ́n ṣe ń gbẹ́ igi Gẹ̀lẹ̀dẹ́, nítorí ọ̀pọ̀ nínú wa tó ń jó sí i kò jókòó ti ẹni tó ń gbẹ́ ẹ rí. Igi tútù ni wọ́n ń lò. Irú igi tí kò wúwo, tí kò sì le jù, bí ìrè tàbí ọmọ̀, nítorí orí èèyàn ló máa gbé e, ọrùn èèyàn ló sì máa jìyà rẹ̀. Inú odindi ìtì kan náà ni ojú, etí, gèlè àti ohun tó wà lókè gèlè ti ń jáde. Ìṣísẹ̀ mẹ́rin ni iṣẹ́ náà ní, àwọn àgbà agbẹ́gilére ló fún wọn lórúkọ. Àkọ́kọ́ ni ọ̀nà lílé: àáké ni wọ́n fi ń lé e, kò tíì sí imú, kò tíì sí ẹnu, ibi tí orí máa gbà àti ibi tí ẹyẹ máa gbà nìkan ni wọ́n ń wá. Alétúnlé tẹ̀ lé e, ìyẹn ni pé wọ́n tún un lé, wọ́n ya etí kúrò lára ẹ̀rẹ̀kẹ́, wọ́n ya ìyẹ́ kúrò lára ẹyẹ. Lẹ́yìn náà ni dídán. Fínfín ló kẹ́yìn: ọ̀bẹ mímú lórí ilà ojú, lórí irun, lórí ìpéǹpéjú.

Lábẹ́ àtíbàbà, ìtì mẹ́rin tàbí márùn-ún ló máa ń wà nílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà ní ìṣísẹ̀ tirẹ̀. Bàbá á lé ọ̀nà lára ọ̀kan láàárọ̀ kí oòrùn tó mú, wọ́n á fi ewé tútù bò ó kí ó má baà là, wọ́n á kọjú sí òmíràn. Ẹni tí kò mọ̀ á ní wọ́n pa iṣẹ́ tì. Kò rí bẹ́ẹ̀. Igi tó wà nílẹ̀ lọ́sẹ̀ kan láìparí, Bàbá ń kọjá lára rẹ̀ nígbà tí wọ́n ń lọ bu omi, nígbà tí wọ́n ń lé adìyẹ, wọ́n ń fi ẹ̀gbẹ́ ojú wò ó. Lọ́jọ́ kẹfà wọ́n á dìde lójijì lórí oúnjẹ, wọ́n á mú irin, wọ́n á bu imú rẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀. Àwọn ọmọ iṣẹ́ ló ń dán. Ọmọ tó bá dán igi fún ọdún méjì, ọwọ́ rẹ̀ á ti mọ bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ṣe ń yí kí ojú rẹ̀ tó mọ̀ ọ́n, ìdí nìyẹn tí wọn kì í fi gbé àáké fún un lọ́dún àkọ́kọ́.

Ẹ̀yìn ọjà sì ni, ẹni gbogbo ló ń gbabẹ̀ kọjá. Ìyá alákàrà á dúró, á ní, "Bàbá, ẹnu eléyìí dà bí ẹnu ẹni tó ń jiyàn o." Bàbá á fi ṣe ẹ̀rín, ṣùgbọ́n tí ìyá náà bá ti lọ, wọ́n á tún ẹnu náà ṣe. Oníjó á wá ní àbọ̀ iṣẹ́, á gbé igi náà karí, á rìn lọ rìn bọ̀, á ní, "Ó ń fà mí sẹ́yìn, Bàbá." Wọ́n á tún gbẹ́ inú rẹ̀ sí i lápá ẹ̀yìn títí yóò fi dúró lórí rẹ̀ bí ìkòkò omi ṣe ń dúró lórí obìnrin tó mọ omi rù. Ẹgbẹ́ ni ìmọ́lẹ̀ ti ń wọlé sábẹ́ àtíbàbà, nítorí náà bí ọ̀bẹ bá fa ilà, òjìji á wà nínú ilà náà, Bàbá á rí i bóyá ó jinlẹ̀ tó. Oòrùn ọjà kì í ṣàánú ilà tí kò jinlẹ̀.

Ó dáa, ẹ wá bá wa lọ sínú ilé táìlì.

Táìlì kò gba àáké. Lọ́jọ́ kejì tí wọ́n kó débẹ̀, mẹ́ta fọ́, àwọn tó ń bójú tó ilé náà sì ní kí Bàbá sanwó rẹ̀. Wọ́n san án. Láti ọjọ́ náà ni ọ̀nà lílé ti kú nínú ilé yẹn. Ariwo pàápàá, wọ́n ní ó ń dí aránṣọ tó wà ní yàrá kejì lọ́wọ́. Bàbá bá lọ ń ra pákó lọ́dọ̀ àwọn tó ń fi ẹ̀rọ lagi. Pákó ti gbẹ, ó le, kò sì nípọn tó orí èèyàn. Igi tó bá ti pẹlẹbẹ kí a tó bẹ̀rẹ̀, ojú pẹlẹbẹ ni yóò bí. Etí di ohun tí wọ́n ń fi gúlúù lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹyẹ di ohun tí wọ́n ń fi ìṣó kàn mọ́ ọn. Ẹ ti rí ibi tí ẹyẹ tó bọ́ sínú ata ti wá báyìí.

Ẹ má sọ fún wa pé ìṣó kì í ṣe tuntun. A mọ̀. Ó ti pẹ́ tí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ apá ọ̀dọ̀ wa ti ń ní ère tó ń mira lókè, tí oníjó ń fi okùn fà lábẹ́ aṣọ, tí ejò á gbórí sókè, tí ẹnì kan á máa gúnyán. Ohun àmúyangàn wa ni. Ṣùgbọ́n abẹ́ àtíbàbà ni wọ́n ti ń dán irú ìyẹn wò, okùn á já lẹ́ẹ̀mẹ́wàá níbẹ̀ níṣojú oníjó kí wọ́n tó gbé e lọ síṣojú ọjà. Nínú ilé táìlì, oníjó kò lè wọlé wá gbé igi karí. Gíláàsì ni ilẹ̀kùn, ọjà títà ló wà lórí àtẹ, wọ́n lẹ ìwé mọ́ ara ògiri pé kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan nǹkan. Ìyá alákàrà náà kò gbabẹ̀ kọjá mọ́. Kò sí ẹni tó máa sọ fún Bàbá pé ẹnu igi kan ń jiyàn.

Iná tó wà lókè àjà ń tàn sórí igi láti òkè tààrà, kò sí òjìji. Bàbá ń fín, ilà náà ń hàn lójú wọn nínú yàrá, bó bá dé ìta kò sí ilà kankan. Wọ́n wá ń fi ọ̀dà dúdú kun ojú ilà kó lè hàn. Àwa tí a rí i, a ní, "Áà, Bàbá ti gbọ́n sí i, wọ́n ti ń lo àwọ̀ tuntun."

Àlejò ló ń wá ra nǹkan níbẹ̀, àlejò kì í sì í jó. Ohun tó fẹ́ ni èyí tí yóò wọ inú báàgì rẹ̀. Igi Gẹ̀lẹ̀dẹ́ bá kéré sí i, ó tó bí àwo ọbẹ̀. Wọn kì í gbẹ́ inú rẹ̀ mọ́, ta ló fẹ́ gbé e karí? Ọdún mẹ́ta ni ọwọ́ Bàbá fi ń gbẹ́ àwo ọbẹ̀. Àwọn ọmọ iṣẹ́ lọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan nítorí kò sí ohun tí wọ́n máa dán, ọ̀kan nínú wọn ń gun zémidjan ní Pọ́bẹ̀ báyìí. Ìgbà tó wá ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ọdún Gẹ̀lẹ̀dẹ́ pé, ìlú rántí Bàbá: ẹ gbẹ́ ńlá fún wa, ẹ ṣe ẹyẹ sí i lókè, ẹ jẹ́ kó yá. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta! Kò sí ìtì tútù, kò sí ọmọ iṣẹ́, kò sí ilẹ̀ tó gba àáké. Ohun tí wọ́n ní ni pákó, gúlúù àti ìṣó. Òun ni wọ́n lò.

A mọ ohun tí àwọn kan máa sọ. Wọ́n máa ní ẹni tó bá mọ̀ ọ́n gbẹ́, ibi gbogbo ni yóò ti gbẹ́ ẹ. Ó dùn ún gbọ́. Kí ẹni tó ń sọ bẹ́ẹ̀ mú ìyá tó mọ ọbẹ̀ sè jù ní ìlú rẹ̀, kí ó tì í mọ́ yàrá tí wọ́n ti kọ ọ́ sára ògiri pé kí ẹnikẹ́ni má dáná, kí ó wá tọ́ ọbẹ̀ náà wò.

Àwọn mìíràn máa ní ìṣẹ́ la fẹ́ kí agbẹ́gilére máa jẹ kí àṣà lè dúró. Èyí ló ká wa lára jù, nítorí ó ní òótọ́ díẹ̀ nínú. Àtíbàbà náà ń jò. Ẹ̀yìn ń dun Bàbá, eruku igi ti wọ̀ wọ́n láyà. A ò sọ pé kí wọ́n padà sábẹ́ òjò. Òpó símẹ́ǹtì kò pa iṣẹ́ ọnà lára, páànù kò pa á lára, iná mànàmáná kò pa á lára bí ẹ bá so ó sí ẹ̀gbẹ́. Ìlẹ̀pa nílẹ̀, ẹ̀gbẹ́ tó ṣí sílẹ̀, àyè fún ìtì igi àti fún ọmọ iṣẹ́, àti ọ̀nà tí èèyàn ń gbà kọjá: mẹ́rin yìí ni kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn. Owó tí a fi ra táìlì nìkan ì bá kọ́ irú rẹ̀.

Àyè tuntun nìkan kì í ba iṣẹ́ jẹ́, ẹ̀rí rẹ̀ wà. Láàárín 1947 sí 1954, àwọn fadá ìjọ Àgùdà ní ilé iṣẹ́ ọnà kan ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì, Fadá Kevin Carroll ló ń bójú tó o. Bándélé, ọmọ Areogun ará Ọ̀sì, gbẹ́ igi níbẹ̀, Làmídì Fákẹ́yẹ sì kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ níbẹ̀. Ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ń gbẹ́, Màríà àti ọmọ rẹ̀, àwọn ọba mẹ́ta tó wá kí Jésù nínú aṣọ Yorùbá. Kò sí ohun tó tuntun tó ìyẹn fún agbẹ́gilére. Ṣùgbọ́n fadá yẹn kò gba àáké lọ́wọ́ Bándélé. Ọ̀nà lílé, alétúnlé, dídán, fínfín, Fadá Carroll kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé bí wọ́n ṣe ń ṣe é lójú rẹ̀. Oyinbo àlùfáà jókòó, ó wo ọwọ́ wọn. William Bascom náà wá láti Amẹ́ríkà, ó jókòó ti Duga, agbẹ́gilére Mẹ̀kọ, Mẹ̀kọ tó jẹ́ ara Kétu kí àwọn òyìnbó tó fi ààlà gé wa sí méjì ní 1889. Ohun tó kọ nípa Duga jáde ní 1973. Àwa ọmọ onílé ńkọ́? Ọjọ́ ijó nìkan là ń wá.

Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ pé ti àtijọ́ ni gbogbo èyí, pé ayàwòrán òde òní ní ilé iṣẹ́ onígíláàsì, ẹ lọ sí Àjàṣẹ́. Romuald Hazoumè, ọmọ Àjàṣẹ́ wa tí wọ́n bí ní 1962, bídọ̀ọ̀nù epo ló fi di ẹni tí ayé mọ̀. Ẹ mọ àwọn bídọ̀ọ̀nù tí à ń wí, tí àwọn ọlọ́kadà ń fi kó kpayo wọlé láti Nàìjíríà, tí wọ́n ń fi iná wú u kí ó lè gba epo sí i, tó ń dúdú, tó ń ya, tí wọ́n ń lẹ̀ ẹ́, títí yóò fi bẹ́ lọ́jọ́ kan. Láti 1997 títí di 2005 ló fi ṣe iṣẹ́ rẹ̀ tó ń jẹ́ La Bouche du Roi, ojú bídọ̀ọ̀nù 304 tó tò bí wọ́n ṣe to àwọn ẹrú sínú ọkọ̀ ojú omi. British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù ló rà á. Bí ẹ bá fún ọkùnrin yẹn ní yàrá oníátàìlì, tí ẹ ra bídọ̀ọ̀nù tuntun 304 fún un ní ọjà, ṣé ẹ rò pé nǹkan kan á ti inú rẹ̀ jáde? Ìyà tí bídọ̀ọ̀nù ti jẹ lójú títì ló wà lára ojú tí à ń wò. Títì Ìgòlò ni àtíbàbà tirẹ̀.

Wọ́n kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní UNESCO ní 2001, wọ́n sì fi í sínú ìwé àwọn àṣà gbogbo àgbáyé ní 2008, ní orúkọ Bẹ̀nẹ̀, Nàìjíríà àti Tógò. A yọ̀, a sì tún ń yọ̀. Ìwé yẹn kò ra ìtì igi kan. Àwa la máa rà á.

Ìdí tí a fi ń kọ èyí lọ́sẹ̀ yìí kì í ṣe orí fídíò nìkan. Wọ́n ti fi ẹfun sàmì sí ilẹ̀ ẹ̀yìn ọjà, níbi tí àtíbàbà Bàbá wà. Ṣọ́ọ̀bù mẹ́fà ni wọ́n fẹ́ kọ́ síbẹ̀, ẹni tó fẹ́ ra ilẹ̀ náà ti mú owó wá. Bí wọ́n bá tà á, kò sí ibi tí ẹnikẹ́ni á ti lé ọ̀nà lára igi mọ́ ní gbogbo ìlú wa, ẹyẹ onígúlúù la óò sì máa gbé síwájú àwọn ìyá wa lọ́dọọdún.

Ohun tí à ń bèèrè kò pọ̀. Kí ìlú má ta ilẹ̀ náà. Kí ilé táìlì di ibi tí wọ́n ti ń ta ọjà, kí ọmọ kan máa jókòó tì í, kí Bàbá padà síbi iṣẹ́. Owó igi Gẹ̀lẹ̀dẹ́, kí ẹgbẹ́ máa san ìdajì rẹ̀ nígbà tí ọyẹ́ bá bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe nígbà tó bá ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, nítorí igi tó dúró nínú oko olóko ni wọ́n máa rà, wọ́n máa gé e, wọ́n máa wá ọkọ̀ tí yóò gbé e wálé. Kí á gbin ìrè àti ọmọ̀ sí etí odò, àwa fúnra wa, nítorí àwọn tó ń fi ẹ̀rọ lagi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kó èyí tó wà tán. Ẹgbẹ́ wa ní Kútọnu ti ṣe ìlérí oúnjẹ ọmọ iṣẹ́ méjì fún ọdún kan. Èyí tó ń gun zémidjan ní Pọ́bẹ̀, a ti bá a sọ̀rọ̀. Ó ní òun á ronú sí i.

A lọ bá Bàbá lọ́sẹ̀ tó kọjá láti tọrọ àforíjì. Wọn ò bá wa jà. Wọ́n ní kí á jókòó, wọ́n bu omi fún wa, wọ́n sì béèrè bóyá a mọ ẹni tó ní igi ìrè tútù.

Ìpàdé ìlú lórí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ náà jẹ́ ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀, lẹ́yìn ọjà, ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Gbogbo wa tí a wọ aṣọ ẹgbẹ́ pàtẹ́wọ́ lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí ilé táìlì, níbẹ̀ ni kí á pàdé.